Páálí Ìṣáná, Àpòòwé Àlòkù àti Àárò Ìgbà Èwe: Ohun Tí Àwọn Ayàwòrán Jàpáànù Ń Lẹ̀ Mọ́ Iṣẹ́ Wọn

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó pè mí wá síbí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn ayàwòrán Jàpáànù òde òní àti àárò ìgbà èwe, ó sì ní kí n má jẹ́ kó gùn. Nínú méjèèjì, ti àkọ́kọ́ ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ìlú kan wà létí òkun ní erékùṣù Shikoku tó ń jẹ́ Uwajima. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ibùdókọ̀ ojú irin tuntun síbẹ̀, orúkọ ìlú tí wọ́n fi iná aláwọ̀ kọ sórí ti àtijọ́, ààtàn ló ń lọ. Ayàwòrán kan tó ń gbé ìlú náà ló gbà á kalẹ̀. Shinro Ohtake lorúkọ rẹ̀. Ní 1997, ó sọ àwọn lẹ́tà yẹn di iṣẹ́ ọnà. Nígbà tí mùsíọ́mù àpapọ̀ ti iṣẹ́ ọnà òde òní ní Tokyo wá ṣe àfihàn ńlá fún un, láti November 2022 títí di February 2023, orí ilé mùsíọ́mù náà ni wọ́n gbé e sí. Ẹ rántí pé ọ̀ọ́kán ààfin ọba ni mùsíọ́mù yẹn wà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná á tàn, ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì Tokyo á gbójú sókè, á sì kà á pé òun ti dé Uwajima.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú rẹ̀. Ohtake lè ya ibùdókọ̀ náà bó bá fẹ́, ó mọ àwòrán yà dáadáa. Kò yà á. Lẹ́tà náà gan-an ló gbé wá.

Àwa ní ọ̀rọ̀ kan tí à ń pè ní àárò. Àárò ẹni tí kò sí nítòsí ló ń sọni. Ìyá tó ti kú, ọ̀rẹ́ tó rìnrìn àjò, ilé tí a ti kúrò níbẹ̀. Bí ẹni náà bá wọlé dé báyìí, àárò tán nìyẹn, ayọ̀ ló kù. Àwọn ará Jàpáànù ní ọ̀rọ̀ tiwọn, natsukashii, tí àwọn atúmọ̀ èdè sáábà máa ń fi wé àárò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àgbàlagbà kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó rí súìtì olówó pọ́ọ́kú kan tó máa ń rà nígbà tó wà ní kékeré, ó mú un lọ́wọ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Natsukashii!" Nǹkan náà ti wà níwájú rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ara ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ti fà á yọ, natsuku, ìyẹn ni kí nǹkan mọ́ni lára, bí ọmọ ajá ṣe ń mọ́ olówó rẹ̀. Àárò ń wá ẹni tí kò sí. Natsukashii ń wá ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Mi ò sọ pé èdè ló ń yàwòrán fún èèyàn o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo mọ ìyàtọ̀ yẹn ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í lóye ìdí tí àwọn ayàwòrán yìí fi ń lẹ páálí, sítáǹpù àti àkísà mọ́ ojú àwòrán, dípò kí wọ́n fi ọ̀dà yà á kí ó jọ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó kan àwọn alààyè, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ júbà òkú kan. Ní 1922 ni wọ́n bí Kiyoshi Yamashita ní Tokyo. Ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí àìsàn líle kan kọlù ú, láti ìgbà náà ni ahọ́n rẹ̀ kò ti já geere mọ́. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ní 1934, wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọdé kan ní Ichikawa, nítòsí Tokyo, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní chigiri-e. Bébà aláwọ̀ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ya wẹ́wẹ́, wọn a sì máa lẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di àwòrán. Nígbà tí ogun dé tí bébà aláwọ̀ di ọ̀wọ́n gógó, sítáǹpù ara lẹ́tà àlòkù ló ń ya. Ní 1940, ó sá kúrò nílé náà, ó sì fi nǹkan bí ọdún márùndínlógún rìn kiri Jàpáànù, á lọ, á bọ̀, á tún lọ. Lójú ọ̀nà, kò yàwòrán. Ìgbà tó bá padà dé ni yóò jókòó, tí yóò máa ya bébà, tí ohun tó rí ní oṣù mélòó sẹ́yìn yóò máa jáde lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ẹ wá àwòrán rẹ̀ ti 1950 lórí iná ọdún tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run ní ìlú Nagaoka. Bébà tó fọwọ́ lọ́ tín-ín-rín bí òwú ló fi ṣe ìtànṣán iná, èrò ìwòran tó kún ìsàlẹ̀ sì jẹ́ èérún bébà lásán. Ìmọ́lẹ̀ tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ lójú ọ̀run, ọwọ́ tó ń ṣe é kò mọ ìkánjú rárá.

Ẹ padà sọ́dọ̀ Ohtake wàyí. Tokyo ni wọ́n bí i sí ní 1955. Iṣẹ́ rẹ̀ tó pẹ́ jù tó ṣì ń gbé jáde fún àfihàn, 1964 ló ṣe é, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ọkọ̀ òfuurufú ogun ni, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Jàpáànù fò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó gé àwòrán láti inú ìwé ìtàn aláwòrán, ó sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ wo ọdún náà dáadáa. 1964 ni Tokyo gbàlejò ìdíje Òlíḿpíìkì, tí ìlú ń fi ọ̀nà tuntun àti ọkọ̀ ojú irin asáré-bí-ẹ̀fúùfù han ayé. Ogun ti parí ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ọmọ tí kò mọ ogun rí ń fi ọkọ̀ ogun ṣeré, nítorí òun ló kún inú ìwé tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọkùnrin. Ohun tí àwọn bàbá kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ilé, àwọn ọmọ ń fi sísọ́ọ̀sì gé e jáde. Nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn rẹ̀ ní Tokyo ní 2006, iṣẹ́ tó tó 2,000, ó kó ti ìgbà èwe mọ́ ti àgbà láìtijú. Inú mi dùn sí èyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń yàwòrán, a ti sun ti kékeré.

Ní 1977, ó lọ sí London. Ní ọjà àlòkù Portobello Road, ó bá ọkùnrin kan pàdé tó ń ta àwòrán ara páálí ìṣáná tó ti kó jọ. Ó rà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ nǹkan sínú ìwé: tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, fọ́tò tó já, àmì ọjà, bébà tí wọ́n fi di súìtì. Kò tíì dáwọ́ dúró láti ìgbà náà. Àwọn ìwé yẹn ti lé ní àádọ́rin. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn ṣì jẹ́ ìwé tí ọwọ́ kan lè gbé, àwọn tó tẹ̀ lé e ti sanra débi pé wọn kò ṣe é pa dé mọ́. Wọ́n kó wọn lọ sí Venice ní 2013 fún àfihàn àgbáyé tó ń wáyé níbẹ̀. Ohtake gbà pé ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni òun fi ń ṣiṣẹ́, òun kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí bébà funfun. Ó tún dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fúnra rẹ̀, jikioku, ó so àkókò pọ̀ mọ́ ìrántí, ó sì fi pe ọ̀wọ́ iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé bébà ló wà lórí bébà, lórí bébà.

Mo ní àpótí kan nílé. Ìdérí ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a fi ń ta ayò, òkòtó kan, páálí ìṣáná méjì tí wọ́n ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Àpótí ìdọ̀tí ni ọmọ mi ń pè é. Ó tọ̀nà, n kò bá a jiyàn. Ohun tó ya Ohtake sọ́tọ̀ ni pé kò kó tirẹ̀ pa mọ́ kó lè máa wò ó. Ó fi gọ́ọ̀mù mú un, ó da ọ̀dà lé e, ó tún lẹ òmíràn bò ó mọ́lẹ̀. Nínú àwọn ìwé rẹ̀, o kò lè rí ìpele ìsàlẹ̀ àfi bí o bá ya ti òkè.

Tadanori Yokoo lọ ọ̀nà mìíràn. Òun dàgbà ju Ohtake lọ, 1936 ni wọ́n bí i ní Nishiwaki, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Hyōgo, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ ló gbà á tọ́. Àwọn ìwé àlẹ̀mógiri tó ṣe ní àwọn ọdún 1960 ló sọ ọ́ di olókìkí, gbogbo wọn jẹ́ àgékù àwòrán tí ó tò pọ̀ bí ẹni ń to ẹrù ọjà. Lẹ́yìn tó wo àfihàn Picasso ní New York ní 1980, ó ní òun ti di ayàwòrán pátápátá. Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò ju ti alẹ́ kan lọ. Nígbà tó ti lé ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, ó padà sí Nishiwaki, ó lọ wo ojúbọ ìgbà èwe rẹ̀, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí ó ti máa ń ra ọkọ̀ òfuurufú tí ọmọdé ń tò. Wọ́n ti wó o. Ó ya fọ́tò ibi tó wà, òkùnkùn ti kùn, iná kámẹ́rà kọ mànà. Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò náà tán, kò rí ìgbà èwe kankan níbẹ̀. Ohun tó rí ni ọ̀nà méjì tó pínyà lẹ́yìn ilé kan, ìkóríta bíi lẹ́tà Y, ó dákẹ́ lọ lóló. Láti 2000 ló ti ń ya ìkóríta yẹn, ó yà á ní dúdú, ní pupa, ó yà á mọ́ òjò, ó kó àwòrán mìíràn tó rí nínú ìwé sínú rẹ̀, kò sì tíì rí ìdí ẹ̀ dòní.

Ẹ̀yin náà mọ ìkóríta mẹ́ta tó ń dààmú àlejò. Ti Nishiwaki yìí, ọmọ onílé ló dà láàmú. Lójú tèmi, àwòrán wọ̀nyẹn ni òótọ́ jù nínú gbogbo ohun tí Yokoo ṣe, ju àwọn tó gbayì lọ. Ohtake rí nǹkan dì mú. Yokoo débẹ̀, nǹkan náà ti lọ, ó wá ń ya àyè tó ṣẹ́ kù. (Wọ́n ti kọ́ mùsíọ́mù kan fún iṣẹ́ rẹ̀ ní Nishiwaki láti 1984, Arata Isozaki ló ya àwòrán ilé náà, ó rí bí ọkọ̀ ojú irin tó dúró sí ibùdókọ̀. Ìlú lè kọ́ ilé ọnà fún ọ, kó sì wó ṣọ́ọ̀bù tó sọ ẹ́ di ayàwòrán.)

Ọ̀pọ̀ yín, bí ẹ bá mọ ayàwòrán Jàpáànù kan, Yoshitomo Nara ni. Ọmọbìnrin olórí ńlá, ojú rẹ̀ le, ó ń wò ọ́ láti ìsàlẹ̀ bí ẹni pé ìwọ lo jẹ ẹran tí wọ́n fi pamọ́ fún un. Ara aṣọ àti ife tíì ni ọ̀pọ̀ ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì rò pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò bá wọn lọ.

Ní 1959 ni wọ́n bí Nara ní Hirosaki, ní Aomori, níbi tí erékùṣù ńlá Jàpáànù pin sí lápá àríwá, ibi tí yìnyín ń bo ilé mọ́lẹ̀ nígbà òtútù. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọkùnrin mẹ́ta, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dàgbà jù ú lọ dáadáa, bàbá àti ìyá ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún ara rẹ̀ bó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé. Ohun tó ń bá a sọ̀rọ̀ ni rédíò. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ibùdó ní Misawa ní ìpínlẹ̀ kan náà, rédíò wọn sì ń kọ orin ní èdè tí kò gbọ́. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra àwo orin, páálí àwo ló ń wò títí, nítorí kò lóye ohun tí wọ́n ń kọ. Ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà tó kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Nígbà tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó bá wọn kọ́ ilé tíì kan ní Hirosaki níbi tí wọ́n ti ń fi orin rọ́ọ̀kì gbàlejò.

Ó kàwé ní Aichi, lẹ́yìn náà ó lọ sí Düsseldorf ní Jámánì ní 1988. Níbẹ̀, ó tún bá ara rẹ̀ nínú ilé tí èdè rẹ̀ kò yé e, òtútù sì ń mú. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ pé ìdáwà Jámánì ló gbé ìdáwà Hirosaki padà wá bá òun. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin náà yọ jáde, òun nìkan láàárín aṣọ àwòrán, kò sí ilé lẹ́yìn rẹ̀, kò sí igi, kò sí ìyá.

Ibi tí ó ń yà á sí ni kí ẹ fojú sí. Ẹ̀yìn àpòòwé tí lẹ́tà bá wá. Páálí ẹrù. Pákó àfọ́kù tó ti jẹ́ ara nǹkan mìíràn rí, tó kàn mọ́ra wọn, tí ìṣó ṣì wà lára rẹ̀. Aṣọ òwú tó gé wẹ́wẹ́ tó sì lẹ̀ pọ̀ ní alábùlẹ̀ sórí àwo ràgàjì kí ó tó kun ọ̀dà sí i, tó fi jẹ́ pé ìránpọ̀ rẹ̀ ń hàn lójú ọmọ náà bí àpá. Pẹ́ńsù aláwọ̀, ọ̀dà, bírò, èyíkéyìí tọ́wọ́ bá bà. Ọmọ tó wà nílé nìkan kò ní aṣọ àwòrán, ohun tó bá rí ló ń yà sí. Nara ti dàgbà, ó ti lówó, kò sì fi ìwà yẹn sílẹ̀. Láti 2003, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kan láti Osaka tí ń jẹ́ graf bẹ̀rẹ̀ sí í kan ahéré onípákó àlòkù nínú àwọn ilé àfihàn. O kò ní wọlé, ojú fèrèsé lo ti máa yọjú. Tábìlì wà níbẹ̀, pẹ́ńsù, bébà tó fọ́n ká ilẹ̀, bí ẹni pé ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta ni. Ní 2006, wọ́n fi irú ahéré bẹ́ẹ̀ kún ilé ìpọntí àtijọ́ kan ní Hirosaki, àwọn ará ìlú ló wá kan ìṣó pẹ̀lú wọn lófẹ̀ẹ́. Ilé ìpọntí náà ti di mùsíọ́mù láti 2020.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ní October 2019, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ kan tó yà ní 2000 sórí gbàǹjo ní Hong Kong. Ọmọbìnrin aláṣọ pupa ni, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lẹ́yìn. Orúkọ àwòrán náà ló sọ pé ọ̀bẹ ló wà lọ́wọ́ yẹn, ojú kò rí i. Ó lọ ní dọ́là Hong Kong mílíọ̀nù 195.7, tó tó mílíọ̀nù márùndínlọ́gbọ̀n dọ́là Amẹ́ríkà. Mo máa ń rò ó pé ẹni tó san owó yẹn, ṣé ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe ń gbé e lọ sílé.

Ní March 11, 2011, ilẹ̀ mì ní Tōhoku, òkun sì ya bo àwọn ìlú etíkun, ó gbé èèyàn tó lé ní 18,000 lọ. Àgbègbè Nara nìyẹn. Kò lè yàwòrán mọ́. Ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Aichi, ó ń po amọ̀, ó ń gbé e lulẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ mọ orí àwọn ọmọdé, ọwọ́ lásán, kò sí irinṣẹ́. Ìka rẹ̀ hàn ketekete lára wọn. Nígbà tí ó tún gbé búrọ́ọ̀ṣì ní 2012, ojú ọmọ náà ti yí padà. Kò wòkè mọ́, kò bínú mọ́. Iwájú gan-an ló ń wò, omijé aláwọ̀ oríṣiríṣi kún ojú rẹ̀, kò tíì já bọ́.

Takashi Murakami, ayàwòrán Jàpáànù mìíràn tó lókìkí, ní àlàyé tirẹ̀ fún gbogbo èyí, mo sì ní láti mẹ́nu bà á kí ẹ má baà sọ pé mo fo ọ̀gá. Ní 2005, ó ṣe àfihàn kan ní New York, ó sì fi orúkọ bọ́ǹbù tí Amẹ́ríkà jù sí Hiroshima pè é, Little Boy, Ọmọkùnrin Kékeré. Àlàyé rẹ̀ ni pé láti ọjọ́ tí Jàpáànù ti pàdánù ogun ló ti di ọmọ kékeré lábẹ́ apá Amẹ́ríkà, pé bèbí àti àwòrán ẹlẹ́rìn-ín ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Ó gbà mí lọ́kàn díẹ̀. Rédíò Misawa wà níbẹ̀ lóòótọ́, ọkọ̀ ogun ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ ọmọ kan di orílẹ̀-èdè, kò sí ẹni tí yóò tún bi í léèrè bóyá ó ti jẹun. Ọmọ Nara, ọmọ ẹnì kan ni.

Ohun kan tún wà tí kò sí nínú àlàyé Murakami. Ní 1949, ọmọ tí wọ́n bí ní Jàpáànù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin. Ní 2024, wọn kò tó 700,000, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí ìjọba ti ń kà á. Àwọn tó ń fi ọ̀dà wá ìgbà èwe wọn ń wá a nílẹ̀ tí àwọn ọmọdé fúnra wọn ti ń dín kù.

Àwòrán tó kẹ́yìn tí mo fẹ́ fi hàn yín, Ohtake ló tún ni ín. Erékùṣù Megijima, ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ ojú omi máa ń gbà láti ìlú Takamatsu ní Shikoku débẹ̀. Gbogbo ọmọ Jàpáànù ló ti gbọ́ àlọ́ Momotarō, ọmọkùnrin tó jáde láti inú èso píìṣì, tó lọ bá àwọn iwin jà ní erékùṣù wọn. Wọ́n ní Megijima ni erékùṣù iwin ọ̀hún, ihò àpáta wọn ṣì wà níbẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò ń lọ wò. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà ní erékùṣù náà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ní 2013, àárín ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ni Ohtake gbé irin pupa ràgàjì kan wá, irú èyí tó ń léfòó lójú òkun láti fi ọ̀nà han ọkọ̀, ó sì gbin ọ̀pẹ sórí rẹ̀. Kíláàsì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká.

Nínú ìwé ìjọba, wọn kò kọ ọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ náà ti kú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò fún un ni kyūkō, ìyẹn ni pé ó ṣì wà ní họ́lídé.